Bí A Ti Ṣe Mọ̀ Pé Oyin Mọ Àwọ̀

Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ igi àgbọn ní Ikoga, ní ẹkùn Badagry, nígbà tí àgbọn bá tanná, yóò gbọ́ ìró oyin lókè orí rẹ̀. Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ìwé wa pé, “Kí ni ó fà wọ́n wá?” òmíràn yóò wí pé òórùn ni, òmíràn yóò sì wí pé àwọ̀ òdòdó ni. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. A fẹ́ sọ bí a ti ṣe rí ìdáhùn, nítorí pé olùkọ́ ilé-ìwé kan, ènìyàn dúdú bí tiwa, ní ipa nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1882, John Lubbock, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde nípa èèrà àti oyin. Ó ti kán omi oyin sórí ìwé aláwọ̀ oríṣiríṣi, ó sì rí i pé àwọn kòkòrò náà a máa padà sí àwọ̀ tí wọ́n ti mọ̀. Síbẹ̀ àwọn mìíràn kò gbà.

Ní ọdún 1867 ni a bí Charles Henry Turner ní ìlú Cincinnati ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí òfin fòpin sí oko-ẹrú níbẹ̀. Olùtọ́jú ilé ìsìn ni bàbá rẹ̀. Turner kàwé títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní ọdún 1907. Láti ọdún 1908 títí di 1922, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn dúdú ní Sumner High School ní ìlú St. Louis. Ọgbà ìtura O'Fallon ni ó fi ṣe ibi ìwádìí. Ní ọdún 1910 ó kọ àbájáde rẹ̀: ó ti fi paálí pupa tí ó ní omi oyin kọ́ àwọn oyin, wọ́n sì ń fò tààrà sí pupa, wọ́n ń kọ àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàn kan ṣì kù. Nínú àwòrán fọ́tò àtijọ́, aṣọ pupa àti aṣọ aláró lè yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀. Ṣíṣú àti mímọ́lẹ̀ nìkan ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ojú oyin rí? Karl von Frisch, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, dá èyí lóhùn ní ọdún 1914. Ó fi ìwé aláró kan sáàárín ọ̀pọ̀ ìwé aláwọ̀ eérú, láti èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù dé èyí tí ó ṣú jù. Àwọn oyin tí ó ti fi omi ṣúgà kọ́ kò ṣi aró mú. Nígbà tí ó fi pupa dán wọn wò, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ dúdú.

Àwọn baba wa fi mẹ́ta pe àwọ̀: funfun, pupa àti dúdú. Mẹ́ta ni ti oyin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́ta tiwa: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àti ìmọ́lẹ̀ kan tí ó rékọjá elésè-àlùkò, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí. Nítorí náà òdòdó tí a rò pé àwọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní lè ní àmì tí ń tọ́ka ibi oúnjẹ fún oyin.

Frisch gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1973. Turner ti kú ní ọdún 1923, ó sì pẹ́ kí a tó máa dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn yìí. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Turner kò wo ẹnu àáké. Paálí, omi oyin àti sùúrù ni ó lò. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé, kò sí èyí tí kò sí ní Ikoga.