Láti Epo Pupa dé Ọ́ìlì Síńtẹ́tíìkì: Ọjọ́ Orí Ìmọ̀ràn Mẹ́ta



Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan nínú wa ra mọ́tò àlòkù kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ má fún un ní ìmọ̀ràn mẹ́ta lórí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Èkíní ni pé bí ó bá da ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì sínú ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà, ọ́ìlì yóò máa jò sílẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tó bá ti dà á sí i lẹ́ẹ̀kan kò lè padà sí ọ́ìlì ayébáyé mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tó bá ń lò ó lè wa mọ́tò rẹ̀ fún máìlì 25,000 kí ó tó tún pààrọ̀ ọ́ìlì. Nítorí ìmọ̀ràn wọ̀nyí, àwọn kan sá fún ọ́ìlì tí ì bá gbà wọ́n nínú òtútù, àwọn mìíràn sì gbójú lé e títí ẹ́ńjìnnì wọn fi kú.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdí nígbà tí wọ́n bí wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ní ọjọ́ orí bí ènìyàn, ó sì máa ń kú nígbà mìíràn kí àwọn tó ń sọ ọ́ tó mọ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn.

NÍGBÀ TÍ EPO PUPA Ń YÍ KẸ̀KẸ́

Kí ayé tó mọ epo rọ̀bì, ohun tí àwọn òyìnbó fi ń pa irin lára kí irin má baà jẹ irin ni ọ̀rá màlúù, òróró àbùùbùtán, òróró olífì, àti epo pupa. Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Lẹ́yìn náà, àwọn oníṣòwò Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí í gbájú mọ́ epo pupa láti etí òkun wa. Gbogbo wa ni a kọ́ ọ nílé ìwé pé ọṣẹ àti àbẹ́là ni wọ́n fi ń ṣe. Èyí tí a kì í sábà rántí ni pé wọ́n fi pa ẹ̀rọ lára pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin tó so Liverpool pọ̀ mọ́ Manchester ní 1830, Henry Booth jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ibẹ̀. Òun ni ó po epo pupa, ọ̀rá màlúù, sódà àti omi pọ̀ tí wọ́n fi ń pa ìdí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá tó ń fún epo ní ilẹ̀ adúláwọ̀ wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń yí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Òróró igi àti ọ̀rá ẹran ń yọ̀ dáadáa lára irin, ṣùgbọ́n wọ́n ní àléébù kan. Bí iná bá ń jó wọn léraléra, wọn a kan, wọn a ki, wọn a sì lẹ̀ mọ́ irin bí oje igi. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún 1859, kànga tí Edwin Drake ń gbẹ́ ní Titusville, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, kan epo rọ̀bì. Kẹrosíìnì fún àtùpà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé apá tó wúwo, tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sẹ́ kẹrosíìnì, yẹ fún irin, ó sì pọ̀. Bí ọ́ìlì ayébáyé ṣe gba ipò epo pupa nìyẹn.

Kò gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ tí Charles Wakefield dá sílẹ̀ ní London ní 1899 po òróró èso lárà, èyí tí òyìnbó ń pè ní kásítọ̀, mọ́ ọ́ìlì rẹ̀. Láti ara orúkọ èso náà ni ó ti mú Castrol ní 1909. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ òfurufú tó jà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ló ń fi òróró kásítọ̀ yìí ṣiṣẹ́.

ÒTÚTÙ, OGUN ÀTI JẸ́Ẹ̀TÌ

Àléébù ọ́ìlì ayébáyé ni pé àdàlù ni. Hóró kéékèèké àti hóró ńláńlá ló wà pọ̀ nínú rẹ̀, ìda sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí òtútù bá mú, ìda náà a dì, ọ́ìlì a sì ki bí ẹ̀kọ tó ti tutù. Bí ooru bá pọ̀ jù, hóró kéékèèké a fò lọ bí oruku, èyí tó ṣẹ́kù a jóná di ẹrẹ̀ dúdú. Ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì ni èyí tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì fi ọwọ́ ara wọn to hóró rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí ó dọ́gba, tí ìda kò sì sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé epo rọ̀bì kò lọ́wọ́ sí i rárá. Láti ara gáàsì tí wọ́n rí nínú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń to púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà rẹ̀ ti ń là láti 1877, nígbà tí Charles Friedel ará Faransé àti James Crafts ará Amẹ́ríkà rí bí a ṣe lè lo aluminium chloride láti so hóró pọ̀ mọ́ hóró. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ayébáyé pọ̀ lọ́jà, kò sì wọ́n. Ta ni yóò wá náwó lé àtọwọ́dá? Ogun ló yí èyí padà. Jámánì ní èédú ilẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1925, Franz Fischer àti Hans Tropsch ti rí ọ̀nà tí a fi lè sọ gáàsì inú èédú di epo. Nígbà tí ogun dé, Hermann Zorn ní ilé iṣẹ́ I.G. Farben dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ọ́ìlì àtọwọ́dá wò. Ohun tí ó ń wá ni ọ́ìlì tí yóò yọ̀ bíi kásítọ̀, tí kò sì ní kan tàbí kí ó lẹ̀. Ní ìparí ọdún 1941, ní ẹ̀bá Moscow, òtútù lọ kọjá ìwọ̀n 30 nísàlẹ̀ òdo, ọ́ìlì sì dì nínú ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Jámánì. Ní Amẹ́ríkà, William Zisman ń ṣe irú ìwádìí kan náà ní yàrá ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi.

Ooru náà ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún 1939, ọgọ́rin ọdún géérégé sí ọjọ́ tí Drake rí epo, ọkọ̀ òfurufú jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fò ní Jámánì. Bí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ṣe ń lágbára sí i lẹ́yìn ogun, ooru inú rẹ̀ àti òtútù òkè lọ́hùn-ún kọjá ohun tí ọ́ìlì ayébáyé lè gbà. Láti àwọn ọdún 1950, irú síńtẹ́tíìkì tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítà ló gba iṣẹ́ náà, òun ló sì wà nínú jẹ́ẹ̀tì tó ń gbé wa lọ sílé títí di òní. Epo pupa àti kásítọ̀ pẹ̀lú, ẹbí ẹ́sítà ni wọ́n nínú kẹ́mísírì. Ẹbí kan náà tí epo rọ̀bì lé kúrò nínú ẹ̀rọ ló padà gba ẹnu ọ̀nà jẹ́ẹ̀tì wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti wo àléébù rẹ̀ sàn.

Ó DÉ INÚ MỌ́TÒ

Ní 1971, ilé iṣẹ́ Motul ní Faransé gbé 300V jáde, tí ó jẹ́ síńtẹ́tíìkì pátápátá. Ní 1972, Albert Amatuzio, tó ti jẹ́ ọ̀gá àwọn awakọ̀ jẹ́ẹ̀tì ológun, gbé AMSOIL jáde ní Amẹ́ríkà. Ó ti mọ̀ láti inú jẹ́ẹ̀tì ohun tí ọ́ìlì yìí lè ṣe. Ní 1974 ni Mobil 1 dé.

Ẹ wo àwọn ọdún yẹn. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1973, nígbà ogun tí Íjíbítì àti Síríà bá Ísírẹ́lì jà, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà. Iye owó àgbá epo kan kúrò ní nǹkan bíi dọ́là 3, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12 nígbà tí ọdún 1974 fi bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà, tó wọ ẹgbẹ́ OPEC ní 1971, jẹ nínú èrè náà. Owó epo yìí ló san ẹ̀kọ́ òfé ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú wa wá sí òkè òkun. Fún onímọ́tò ní Amẹ́ríkà, ọ̀wọ́n ni. Nítorí náà ni ó fi fetí sí ẹni tó bá ní ọ́ìlì tí yóò pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, tí yóò sì dín epo bẹntiróò kù.

A TI DÉ ORÍ ÌMỌ̀RÀN MẸ́TA

Ti jíjò ní òótọ́ nínú. Ọ́ìlì ayébáyé máa ń mú kí rọ́bà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sìlì wú díẹ̀, wíwú náà ló sì ń dí ojú ihò. Irú síńtẹ́tíìkì tó wọ́pọ̀ ní àwọn ọdún 1970 kì í mú un wú. Rọ́bà a sún kì, ọ́ìlì a sì jò. Àwọn tó ń ṣe é rí i, wọ́n sì fi ẹ́sítà díẹ̀ lù ú, nítorí pé ẹ́sítà ń mú rọ́bà wú. Wọ́n tún ṣe àtúnṣe sí rọ́bà fúnra rẹ̀. Ní 1992, General Motors ti ń da síńtẹ́tíìkì sínú ẹ́ńjìnnì Corvette láti ilé iṣẹ́ wá. Ìmọ̀ràn náà ti kú, àfi ní ibì kan: bí sìlì mọ́tò yín bá ti gbó tó ti ń jò tẹ́lẹ̀, ọ́ìlì tó ń ṣàn dáadáa yóò túbọ̀ fi hàn. Sìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ti àìlèpadà náà ní ohun tó jọ ọ́. Kásítọ̀ kì í fẹ́ dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì ayébáyé, bẹ́ẹ̀ sì ni irú síńtẹ́tíìkì kan tí wọ́n ń fi glycol ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe wọn ló wà nínú agolo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí à ń rà lónìí. Òfin tí àwọn ilé iṣẹ́ ọ́ìlì fẹnu kò sí ni pé èyí tó bá gba àmì API gbọ́dọ̀ lè bá àwọn yòókù dàpọ̀. Àdàlù méjèèjì pàápàá wà lórí àtẹ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè padà, ẹ́ńjìnnì kò ní bínú.

Ti máìlì 25,000 ló léwu jù, nítorí ó dùn mọ́ àpò akẹ́kọ̀ọ́. Inú ìpolówó ọjà àwọn ọdún 1970 ló ti wá. Òótọ́ ni pé síńtẹ́tíìkì kì í tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín, omi àti bẹntiróò ń já sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń já sínú ọ́ìlì ayébáyé, èròjà tó ń fọ ẹ̀gbin sì ń tán. Ẹni tó ń wa mọ́tò láti ilé gbígbé dé yunifásítì nínú òtútù, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í gbóná tán kó tó pa á, ni omi ń gbé nínú ọ́ìlì rẹ̀ jù. Ìwé tó bá mọ́tò wá ni kí ẹ tẹ̀lé, kí ẹ sì máa fa géèjì ọ́ìlì yọ wò.

Orúkọ gan-an ti yí padà. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Castrol bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo rọ̀bì tí wọ́n tún hóró rẹ̀ ṣe gidigidi rọ́pò ohun tó wà nínú síńtẹ́tíìkì rẹ̀. Mobil ní kì í ṣe síńtẹ́tíìkì mọ́. Ní 1999, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìpolówó ọjà wò ní Amẹ́ríkà dá Castrol láre. Láti ìgbà náà, ohun tí orúkọ yìí bo ní Amẹ́ríkà pọ̀ ju ohun tí ó bo ní Jámánì lọ. Nítorí náà, ẹ má ra orúkọ. Ẹ wo bóyá nọ́ńbà àti àmì ara agolo bá ti inú ìwé mọ́tò yín mu.

Bí àgbà bá tún gbà yín nímọ̀ràn lórí ọ́ìlì, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé ọdún wo ni wọ́n sọ ọ́ fún un. Ire o.