Bí Ẹ̀rín Inú Ilé Ṣe Wọ Ìwé Àwọn Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè, tí gírámà ì bá máa jẹ lógún, ìwé tí a kọ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ìsinmi tí ó kọjá kà. Àbúrò mi obìnrin ni ó kó bá mi. Ó ra ìwé kan lọ́wọ́ àwọn tí ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ tà ní Kétu. Saffy's Angel ni orúkọ ìwé náà. Hilary McKay, obìnrin Ìlú Ọba kan, ni ó kọ ọ́ ní 2001. Ayàwòrán ni ìyá àti bàbá inú rẹ̀, ilé wọn kò létò, orúkọ ọ̀dà ni wọ́n sì sọ àwọn ọmọ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá orúkọ tirẹ̀ títí lára ìwé àwòṣe ọ̀dà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kò rí i. Ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé kì í ṣe àwọn tí òun ń pè ní òbí ni ó bí òun. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti sọ ọ́, ẹ̀rín ni.

Ẹ̀rín tí àbúrò mi ń rín kò jẹ́ kí a sùn. Màámi ń ta tòmátì ní Máìlì 12, wọ́n sì ní láti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè pàdé ọkọ̀ tí ń ti Òkè Ọya bọ̀. Wọ́n dìde jókòó lórí ẹní, wọ́n ní, "Kí ní ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó báyìí?" Àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀, ó túmọ̀ títí, ẹ̀rín ti tán kí ó tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Màámi ní, "Ó dáa o," wọ́n sì kọjú sógiri. Ojú tì mí. Ǹjẹ́ kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwa ni?

Kì í kúkú ṣe pé ẹ̀rín wọ́n nílé wa. Ìyàwó ilé wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Màámi ń pe àbúrò bàbá mi kan ní Akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé tí ó ṣí rí tí kò sùn lé lórí. Wọ́n ń pe èkejì ní Apọ́nbéporẹ́, ọkùnrin tí ó dúdú bí kóró iṣin! Irú ilé wọ̀nyí ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Wíwọ ìwé ni kò yá wọn.

Ọwọ́ ìjọ àti ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ìwé àwọn ọ̀dọ́ wa ti wá. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní 1936 ni ó mú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì tẹ̀ ní Èkó ní 1938. Ẹ̀rín pọ̀ nínú Fágúnwà, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n láàrin iwin àti ẹbọra ni; bí ọ̀rọ̀ bá ti délé, ìwàásù ni. Ṣáájú rẹ̀, láti 1929 dé 1930, I. B. Thomas ti tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá sínú Akéde Èkó, àwọn ará Èkó sì kà á tẹ̀rín-tẹkún. Ṣùgbọ́n ìtàn aṣẹ́wó kì í ṣe ohun tí tíṣà yóò fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ tí ó mọ̀wé kà sì di púpọ̀. Kí ni a fún wọn kà? Ní 1964, J. F. Ọdúnjọ kọ Kúyẹ̀ àti Ọmọ Òkú Ọ̀run, ìyà ọmọ òrukàn ni ó sì wà níbẹ̀. N kò bú Ọdúnjọ o. Aláwìíyé rẹ̀ ni Màámi fi kọ́ ìwọ̀nba ìwé tí wọ́n mọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà náà gan-an ni Kọ́lá Onadipe ń kọ The Adventures of Souza (1963) àti Sugar Girl (1964) ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fi di 1977, Macmillan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn Pacesetters, ìwé pẹlẹbẹ tí ọmọ lè fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì kíláàsì. Bí a ṣe pín in nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ rẹ̀: ìwé Yorùbá fún ìdánwò, ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún fàájì.

Ẹni tí kò gbà fún ìpín yìí ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ẹ̀kọ́ èdè Faransé ni ó kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn (inú mi dùn sí èyí, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀). Ní 1974 ó kọ Ó Le Kú, ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ obìnrin kò jẹ́ kí ó gbádùn. Ní 1981, Wọlé Ṣóyínká kọ Aké ní Gẹ̀ẹ́sì, ó pe bàbá rẹ̀ ní Essay nítorí pé S. A. ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, ó sì pe ìyá rẹ̀ ní Wild Christian. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ìyàwó ilé náà ni! Ìṣọ̀lá ni ó padà túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìyẹn, ní 1990, ó ti kọ tirẹ̀, Ogún Ọmọdé, ìtàn ìgbà èwe, eré oko àti ilé-ìwé, tí ó fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú òwe pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún.

Kétu náà ni mo ti ra tèmi. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín ti fi bírò fàlà sábẹ́ gbogbo òwe inú rẹ̀, ó kọ "kókó" sí ẹ̀gbẹ́ kan, "ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́" sí èkejì. Òótọ́ ni pé ìdánwò ni ó ń kà á sí. Mo kà á sókè fún Màámi ní alẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí iná ọba lọ, àbúrò mi di tọ́ọ̀ṣì mú. Kò sí ẹni tí ó túmọ̀ ohunkóhun. Màámi ń dá mi dúró ṣáá, wọ́n ń fi ti ìlú wọn kún un, pàápàá ti ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kan tí ó máa ń bá adìẹ jà bí ẹni ń bá ènìyàn ṣẹjọ́. N kò gbọ́ nípa ẹ̀gbọ́n yìí rí láti ọjọ́ tí a ti bí mi.

Nígbà tí a parí rẹ̀, wọ́n béèrè bóyá ẹni tí ó kọ ọ́ ṣì wà. Mo ní ó ti kú, ní 2018. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ni yóò wá bá mi kọ ti ẹ̀gbọ́n mi báyìí?" Wọ́n ní kí n pa tọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́.