Àwọn Ológun Tí Wọ́n Fi Láàbù Jagun ní Yábàá

Ó ti di àṣà wa pé nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ bá péjọ, wọn a pe dókítà síwájú, wọn a pe sọ́jà síwájú, kí wọ́n wá jókòó sí háì tébù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ń kọ́? Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, àyàfi tó bá ti lówó lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ìtàn kan sínú ìwé yìí, mo ní èyí tí yóò mú sọ́jà àti ará láàbù jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ni n ó kọ. Ìtàn ọ̀hún kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìdúmọ̀tà, tó gba orí afárá Carter kọjá, kò ní pẹ́ dé ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

ÈRÒ ÀTI OHUN TÍ ÈRÒ Ń GBÉ WỌLÉ

Gbogbo wa la mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe Èbúté Èrò ní Èbúté Èrò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú, láti Ẹ̀pẹ́, láti Àgbádárìgì ti ń já èrò àti ọjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí èrò bá ń gbà wọlé, àrùn náà ń gba ibẹ̀ wọlé. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó, ó sì pa ènìyàn púpọ̀. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe dá ẹgbẹ́ tó ń tún ìlú ṣe, ìyẹn LEDB, sílẹ̀ ní 1928, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àwọn ènìyàn ní Erékùṣù.

Ọ̀tá mìíràn sì wà tó ti pẹ́ ju eku lọ. Omi ẹ̀rọ láti Ìjù kò dé Èkó títí di 1915. Inú amù àti ìkòkò ni omi ilé ń wà, ẹ̀fọn kan sì wà tó jẹ́ pé omi tó mọ́, tó dá rọ́rọ́, tó wà nítòsí ènìyàn, ló fẹ́ràn láti yé ẹyin sí. Ọ̀sán gangan ló ń jẹni. Ìdí nìyẹn tí wolé-wolé fi máa ń wọ àgbàlá dé àgbàlá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí yóò ṣí amù, tí yóò máa wá tanwíjí nínú rẹ̀. Àwọn ará ilé rò pé ìyà ló fẹ́ fi jẹ àwọn. Ohun tó ń wá gan-an ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní yẹ́lò fífà. Kì í ṣe yẹ́lò fífà tó máa ń darí mọ́tò ní oríta o! Èyí tí mo ń wí yìí, bó bá mú ènìyàn, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á pọ́n, bó bá sì le tán, aláìsàn á máa bì èébì dúdú. Ọmọ ìbílẹ̀ tó ti ṣe é díẹ̀ ní kékeré kì í tún ṣe é mọ́ láyé rẹ̀. Àlejò tí kò ṣe é rí ló máa ń pa, pàápàá òyìnbó.

ÀWỌN ỌMỌ SÀRÓ MÉJÌ

Nítorí pé òyìnbó ń kú báyìí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ronú pé kí àwọn kọ́ ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ dókítà, kí wọ́n fi í sínú iṣẹ́ ológun. Ní 1855, wọ́n kó ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sàró lọ sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. Àìsàn dá ọ̀kan padà. Méjì tó kù ni James Africanus Beale Horton, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, àti William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Davies gba oyè ìṣègùn ní St Andrews, Horton gbà á ní Edinburgh ní 1859, àwọn méjèèjì sì di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì.

Horton kò fi mọ sí títọ́jú aláìsàn. Ó pàṣẹ àwọn ibùdó ní Góòlù Kóòsì, ó kọ ìwé lórí ilẹ̀ wa àti àìsàn ibẹ̀, ó sì kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n dá ilé-ìwé ìṣègùn sílẹ̀ níhìn-ín. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn dókítà òyìnbó tó wà nínú iṣẹ́ náà ní àwọn kò fẹ́ bá ọmọ Áfíríkà pín ipò, wọ́n sì ti ètò náà pa. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kó máa lọ, bóyá ọmọ ilẹ̀ wa ni ì bá darí láàbù tí mo fẹ́ sọ yìí.

KÚBÀ, LẸ́YÌN NÁÀ YÁBÀÁ

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ológun dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tiwọn sílẹ̀ ní Washington ní 1893. Méjọ̀ Walter Reed wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń kọ́ni níbẹ̀, iṣẹ́ maikirosíkóòpù àti ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí ló sì ń kọ́ wọn. Ẹ kíyè sí i: sọ́jà ni akẹ́kọ̀ọ́, sọ́jà ni olùkọ́, láàbù ni kíláàsì. Ní 1900, wọ́n rán Reed lọ sí Kúbà. Carlos Finlay, dókítà ọmọ Kúbà, ti ń pariwo láti 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà náà, wọn kò dá a lóhùn. Reed àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ó ná wọn ní ẹ̀mí, nítorí ẹ̀fọn jẹ Jesse Lazear, ọ̀kan nínú wọn, ó sì kú. Àwọn sọ́jà tó yọ̀ọ̀da ara wọn fún ìdánwò náà, ìjọba Amẹ́ríkà kọ orúkọ wọn sínú ìwé ọlá ní 1929, wọ́n fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà àti owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ orúkọ yìí sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀.

Kí ni ẹ̀fọn ń gbé gan-an? Ìyẹn ni wọn kò mọ̀. Jẹ́nẹ́rà William Gorgas, ológun tó lé ibà pọ́njú kúrò ní Havana àti ní Panama, ni Rockefeller Foundation yàn ní 1920 láti wá wo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn tó kù dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1925, Rockefeller kọ́ láàbù sí Yábàá, wọ́n sì fi Henry Beeuwkes ṣe olórí. Dókítà ológun Amẹ́ríkà lòun náà, ó ti darí iṣẹ́ ìlera ní Rọ́ṣíà nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀.

Fún bí ọdún méjì, òfo ni wọ́n ń bá bọ̀. Hideyo Noguchi, ará Japan tí òkìkí rẹ̀ kàn, ti sọ ní 1919 pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ibà náà. Wọ́n wá a ní Yábàá títí, wọn kò rí i. Wọ́n gún oríṣiríṣi ẹran ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kò sí èyí tó mú. Ẹlòmíràn ì bá ti kọ ohun tí ọ̀gá ńlá fẹ́ gbọ́ sílẹ̀ kó sì gba ilé lọ. Wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀: a wá a, a kò rí i.

ẸNÌ KAN TÍ WỌ́N Ń PÈ NÍ ASIBI

Ní òpin oṣù Júùnù 1927, ibà mú ọkùnrin kan, ọmọ ọdún 28, ní Kpeve ní Góòlù Kóòsì, tí í ṣe Gánà lónìí. Asibi ni orúkọ rẹ̀. Ibà rẹ̀ kò le. Dókítà A. F. Mahaffy, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn Beeuwkes, gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì gún un sára ọ̀bọ kan tó jẹ́ irú ti Íńdíà. Asibi gbádùn. Ọ̀bọ kú.

Ẹ̀jẹ̀ yìí ni àwọn Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson mú ṣiṣẹ́ lórí ọ̀bọ mìíràn. Wọ́n da ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tó ń ṣàìsàn kọjá nínú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kòkòrò bakitéríà kò lè gbà á kọjá. Omi tó jò jáde ṣì ń pa ọ̀bọ. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ohun tó kéré ju kòkòrò Noguchi lọ ló ń pa ènìyàn: fáírọ́ọ̀sì ni.

Stokes yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ yunifọ́ọ̀mù ronú lé lórí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó wà nínú àwọn dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì ní Faransé. Ó di irinṣẹ́ láàbù sínú apá ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, ó ń gùn ún káàkiri ojú ogun, kí àyẹ̀wò lè bá aláìsàn níbi tó wà. Wọ́n fi oyè akíkanjú DSO dá a lọ́lá. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lè jókòó síbẹ̀ jẹun títí. Èkó ló padà wá ní 1927. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún náà, ibà tó ń ṣèwádìí mú òun fúnra rẹ̀. Láti orí ibùsùn, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun kí wọ́n fi gún ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, bí òun bá sì kú kí wọ́n la òkú òun wò. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù náà. Àṣẹ ìkẹyìn tó pa, ara òun fúnra rẹ̀ ló pa á lé lórí.

Noguchi gan-an wá sí Accra láti wádìí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò. Ibà náà pa á ní oṣù Méè 1928. Ní oṣù kan náà ló pa William Young, tó gbà á lálejò sí láàbù. Ní 1930, ó pa Theodore Hayne, onímọ̀ ẹ̀fọn, ní Èkó níhìn-ín. Àwọn wọ̀nyí ni orúkọ wọn wọ ìwé. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ń bọ́ ọ̀bọ, tó ń sin ẹ̀fọn, tó ń fọ ìgò, tó sì ń di ènìyàn tó ń gbóná mú kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, orúkọ wọn kò wọ̀ ọ́.

ÀJẸSÁRA, ÀTI ÀṢÌṢE ỌDÚN 1942

Ẹ̀jẹ̀ Asibi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun. Ní New York, Max Theiler, ọmọ South Africa, sọ fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ di ẹlẹ́gẹ̀ nípa títọ́ ọ léraléra nínú ẹran ara ọlẹ̀ adìyẹ, títí tí kò fi lè pa ènìyàn mọ́. Ní 1937, àjẹsára 17D ti jáde. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Títí di òní, abẹ́rẹ́ yìí náà ni wọ́n ń gún wa kí wọ́n tó fún wa ní káàdì yẹ́lò tí a ń fi han ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà pàṣẹ kí wọ́n gún sọ́jà wọn ní abẹ́rẹ́ náà. Omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà nínú ohun tí wọ́n fi ń po àjẹsára yìí, àrùn ẹ̀dọ̀ sì wà lára àwọn kan tí wọ́n gba omi ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní 1942, nǹkan bí 50,000 sọ́jà ni àrùn yìí dá dùbúlẹ̀, àwọn kan sì kú. Èyí tó dunni níbẹ̀ ni pé àwọn ará láàbù ní Bràsíìlì ti rí irú rẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì ti yọ omi ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú tiwọn. Àṣẹ yá ju àyẹ̀wò lọ. Ẹnu ọ̀gá lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kì í kí ọ̀gá ní sàlúùtù.

ÀWA ŃKỌ́?

Láàbù Yábàá kò parun. Lára iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí NIMR, ti jáde. Yábàá yìí náà ni ọsibítù ńlá àwọn sọ́jà, 68, wà. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀gá ológun ti wà ní Kàdúná láti 1964. Láti 2003 ni òfin ti fìdí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì láàbù ìṣègùn múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe é ní yunifásítì yóò lo ọdún márùn-ún lórí ẹ̀jẹ̀, kòkòrò àìfojúrí, kẹ́mísìrì inú ara àti ẹran ara, yóò sì tún fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù. Bó bá wù ú, ó lè wọ iṣẹ́ ológun lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣolórí.

Ogun náà kò tíì tán pẹ̀lú. Ibà pọ́njú padà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1987. Ní 2017, ó tún yọjú ní Kwara, ní Ìfẹ́lódùn. Nígbà méjèèjì, kò sí ọ̀gá tó lè pàṣẹ ohun tó lórí títí tí ará láàbù fi sọ irú ibà tó jẹ́. Ibà jọ ibà; ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Èkíní, bí ọmọ yín bá ní láàbù lòun fẹ́ ṣe, ẹ má sọ fún un mọ́ pé máàkì rẹ̀ ni kò tó ti dókítà. Èkejì, ní àpéjọ wa tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ará láàbù tó wà láàárín wa jáde, kí a dárúkọ wọn, láti ẹni tó ń ka maikirosíkóòpù dé ẹni tó ń fọ ìgò. Àwọn sọ́jà Kúbà gba wúrà. Asibi fún ayé ní ẹ̀jẹ̀ tó ti gba ẹ̀mí ọ̀kẹ́ àìmọye là, fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè. Kò yẹ kí tàwọn tiwa náà rí bẹ́ẹ̀.