Ọ̀dà Tó Ṣáájú Ìgbéyàwó

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò yọ ilé-iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀, nítorí àwọn náà a máa fẹ́ra, wọn a sì máa sọ ohun tí wọ́n bí lórúkọ. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ mú wá ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, láàrin àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú irin kó ẹrù. Ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sára ẹ́ńjìnnì ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí mi.

Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, Santa Fe àti Southern Pacific ti ń bá ara wọn du ẹrù láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tó dúró lẹ́bàá ojú irin, bí kò tilẹ̀ mọ̀wé, yóò mọ èyí tó ń kọjá. Ẹ́ńjìnnì Southern Pacific rí bí eérú, iwájú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ní ti Santa Fe, àwọ̀ pupa àti fàdákà tí Leland Knickerbocker yà fún ọkọ̀ èrò rẹ̀ ní 1937 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó dà bí adé ìyẹ́ jagunjagun àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ẹ́ńjìnnì akẹ́rù rẹ̀ wá ń wọ búlúù àti àwọ̀ ìyeyè lẹ́yìn náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, àwọn ilé-iṣẹ́ òbí méjèèjì da ara wọn pọ̀. Òfin kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin fúnra wọn di ọ̀kan títí ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Àwọn ọ̀gá kò dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun ẹ́ńjìnnì ní pupa, ìyeyè àti dúdú. Wọ́n kọ SP sára ti ọ̀kan, wọ́n kọ SF sára ti èkejì, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ kí lẹ́tà méjì tó kù lè wọlé ní ọjọ́ ìyàwó, kó di SPSF. Àwọn èèyàn fi orúkọ fíìmù Kodachrome pe àwọ̀ náà, nítorí ó jọ páálí rẹ̀.

Ọjọ́ ìyàwó kò dé. Ní oṣù Keje ọdún 1986, mẹ́rin nínú àwọn ìgbìmọ̀ kọ̀, ẹnì kan péré ló gbà. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú irin méjèèjì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí wọ́n bá di ọ̀kan, oníṣòwò kò ní rí ẹlòmíràn tó lè bá dúnàádúrà. Wọ́n ní kí wọ́n ta ọ̀kan. Àwọn ẹ́ńjìnnì olórúkọ ààbọ̀ wá ń rìn káàkiri fún ọdún púpọ̀, àwọn aláwàdà sì ní ohun tí lẹ́tà mẹ́rin náà ń wí ni pé kò yẹ kí wọ́n yára kùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1988, àwọn oní Rio Grande, tí ojú irin tiwọn kéré púpọ̀ sí i, ra Southern Pacific, wọ́n sì gba orúkọ ẹni tí wọ́n rà. Santa Fe padà sí pupa àti fàdákà ní 1989, ó sì bá Burlington Northern lọ ní 1995. Ní 1996, Southern Pacific wọ inú Union Pacific. Ní 1869 ni Union Pacific pàdé Central Pacific ní Promontory, ní ìpínlẹ̀ Utah. Central Pacific yìí ló wá di ti Southern Pacific nígbẹ̀yìn.

Láàrin 2005 sí 2006, Union Pacific kun ẹ́ńjìnnì mẹ́fà ní àwọ̀ àwọn tó ti gbé mì. Mo yìn wọ́n. Nílẹ̀ wa, obìnrin tó re ilé ọkọ kì í sọ oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ni oríkì ń gbé, nígbà tí ọ̀dà jẹ́ ti ẹni tó ni búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n fún ti Southern Pacific: 1996 ni. Ọdún 1865 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà ló gbẹ́ òkè Sierra Nevada fún Central Pacific. Nọ́ńbà náà kò dárúkọ ìbí, kò sì dárúkọ làálàá. Ọjọ́ tí olówó gba ẹrù rẹ̀ nìkan ló kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìrántí òun jinlẹ̀ ju ọ̀dà lọ, ẹnu àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ni kó ti lọ gbọ́ oríkì.