Àrùn Erìgì: Bí Ìmọ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn àrùn erìgì yóò rí i pé àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ kò fẹnu kò. Àwọn kan ní Pierre Fauchard ará Faransé ni baba ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní John Riggs ni, wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé kan ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá, òmíràn ní ìdọ̀tí ara eyín ni. A kó ọ̀rọ̀ wọn jọ síbí kí á lè mọ èyí tí ẹ̀rí tì lẹ́yìn.

Erìgì ni ẹran tó yí ẹsẹ̀ eyín ká. Bí ó bá wú, tó pọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde níbẹ̀ nígbà tí a bá ń fọ ẹnu, àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé wò sàn pátápátá. Bí a bá fi í sílẹ̀, lára ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò wọ abẹ́ lọ, yóò sì máa jẹ egungun tó di eyín mú. Erìgì yóò ṣí kúrò lára eyín, ẹnu yóò máa rùn, ọyún lè máa jáde, eyín yóò sì máa mì.

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀

Ìwé òògùn àwọn ará Íjíbítì tí à ń pè ní Ebers, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 3,500 ọdún, ní òògùn eyín àti erìgì nínú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí oyè olùpilẹ̀ṣẹ̀ tọ́ sí ni Abu al-Qasim al-Zahrawi, Mùsùlùmí oníṣẹ́-abẹ tó gbé ní agbègbè Córdoba ní ilẹ̀ Sípéènì. Nínú ìwé rẹ̀, al-Tasrif, tó kọ parí ní nǹkan bí ọdún 1000, ó ṣàlàyé pé ohun líle kan a máa lẹ̀ mọ́ eyín nínú àti lóde, àti lábẹ́ erìgì, tí àwọ̀ rẹ̀ a dúdú tàbí kó rí bí ewé, àti pé láti ara rẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti ń ran erìgì. Ó ní kí oníṣègùn gbé orí aláìsàn lé itan, kí ó fi irin ha eyín mọ́, bí kò bá sì tán lọ́jọ́ kan, kí ó tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Ó ya àwòrán àwọn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ́ni bí a ṣe ń fi okùn wúrà so eyín tó ń mì. Ọ̀pọ̀ ohun tí Fauchard àti Riggs sọ nípa híha eyín ni ọkùnrin yìí ti sọ ṣáájú wọn.

Ti Fauchard ṣe pàtàkì lọ́nà mìíràn. Ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ eyín jáde ní 1728. Nígbà náà, àìsàn tí àìjẹ èso àti ewébẹ̀ ń fà, tó ń pa àwọn awakọ̀ òkun, a máa mú erìgì wú kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pa méjèèjì pọ̀. Nínú ẹ̀dà kejì, ní 1746, Fauchard kọ ọ́ pé irú kan wà tí kì í kan ibòmíràn lára, erìgì àti eyín nìkan ló ń bá jà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, James Lind, oníṣègùn inú ọkọ̀ òkun, fi ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù wo àwọn awakọ̀ òkun sàn, ọ̀nà àìsàn méjèèjì sì yà.

Kòkòrò inú ìdọ̀tí

Ìwé kan ní 1683 ni Antonie van Leeuwenhoek rí kòkòrò nínú ìdọ̀tí eyín, òmíràn ní 1684. Méjèèjì tọ̀nà: ní September 1683 ni oníṣòwò aṣọ ará Delft yìí kọ lẹ́tà rẹ̀ sí ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1684 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé fò ni pé ó dán ọtí kíkan wò. Nígbà tó dà á pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí tó ti ha kúrò, àwọn kòkòrò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi yọ ẹnu, àwọn tó wà lára eyín kò kú, ó sì gbà pé ọtí kíkan náà kò wọ inú ìdọ̀tí náà já. Ìdí nìyẹn tí fífi òògùn yọ ẹnu kò fi lè rọ́pò fífọ eyín títí di òní.

Riggs jẹ́ oníṣègùn eyín ní Hartford, ní Amẹ́ríkà. Ní 1876 ó tẹ̀ ẹ́ jáde pé ìdọ̀tí ara eyín ló ń fa àrùn erìgì, pé híha á kúrò dé abẹ́ erìgì ni ìwòsàn. Ní 1890 Willoughby Miller, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, kọ ìwé ńlá lórí kòkòrò ẹnu. Kò rí kòkòrò kan ṣoṣo tó lè dá ẹ̀bi náà rù.

Àṣìṣe ńlá

Ní 1910, dókítà William Hunter láti Lọ́ńdọ̀nù sọ ní Montreal pé ìdọ̀tí ẹnu ló wà nídìí ọ̀pọ̀ àìsàn ara. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e burú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń yọ eyín tó ṣì lè ṣiṣẹ́ nítorí oríkèé dídùn àti àìsàn mìíràn, láìsí ẹ̀rí pé yóò sàn. Ní 1914 ni obìnrin méjì, Grace Rogers Spalding àti Gillette Hayden, dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn erìgì sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí eyín lè dúró lẹ́nu.

Ẹ̀rí dé

Ìdánwò tó parí àríyànjiyàn ni ti Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, ní Dẹ́nímáàkì, ní 1965. Ènìyàn 12 tí erìgì wọn le gbà láti má fọ eyín mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, erìgì gbogbo wọn ti wú. Wọ́n padà sí fífọ eyín, nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ kan, ara wọn ti yá.

Ní ilẹ̀ wa, Aubrey Sheiham, oníṣègùn eyín, ti ń yẹ ẹnu àwọn ènìyàn wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tó fi wọ́n wé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ́tótó eyín ló ń tọ́ka ibi tí àrùn náà ti le. Ní 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, Abayomi Sofowora lára wọn, fi hàn pé omi ara àwọn orín kan lè ṣẹ́gun kòkòrò. Kì í ṣe omi rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Pákò tí a rún lẹ́nu, tí a sì fi gbo ìdí eyín dáadáa, ń ṣí ìdọ̀tí kúrò bí búrọ́ọ̀ṣì.

Löe tún tọ àwọn òṣìṣẹ́ oko tíì 480 lẹ́yìn ní Sri Lanka, àwọn tí kì í fọ eyín. Nínú 100 wọn, àrùn náà sáré jẹ nǹkan bí 8, ó rọra jẹ 81, kò sì tẹ̀síwájú lára 11. Ibí ni àwọn tó ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá ti rí èrè díẹ̀: ìdọ̀tí ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ara oníkálukú ló ń pinnu bí yóò ti le tó. Sìgá àti ìtọ̀ ṣúgà sì ń mú un burú sí i.

Láti ìgbà náà

Ní 1982 wọ́n fi hàn ní Sweden pé ohun tó di eyín mú lè tún hù. Ní 2018 ìpínsísọ̀rí tuntun jáde, tó pín àrùn náà sí ìpele mẹ́rin.

Èyí tó ṣì wà nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ erìgì àti ọkàn. Ó hàn pé àìsàn méjèèjì a máa bá ara wọn rìn. Kò tíì hàn pé ọ̀kan ló ń bí èkejì. Ti ìtọ̀ ṣúgà fìdí múlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí títọ́jú erìgì a máa mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà jẹ́ kí dókítà eyín yẹ òun wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn ń dà láàmú kò gbọdọ̀ torí ìyẹn yọ eyín tó dúró ṣinṣin. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò lẹ́yìn 1910, a sì mọ ibi tó já sí.