Ímeèlì Tó Dá Kọ̀ǹpútà Lágara: Ẹ̀kọ́ Ọdún 1988 fún Ará Ìbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mu gan-an. Ní Ìbà Housing Estate, níbi tí iná mànàmáná kò ti ṣeé gbọ́kàn lé, ọ̀ràn ńlá ni bí kọ̀ǹpútà bá ń gbóná, tí fáànù inú rẹ̀ ń kùn, tí bátìrì sì kú kí iná tó dé, nígbà tí ẹni tó ni ín kò ṣe ju pé ó ṣí ímeèlì rẹ̀ lọ. Ohun tó máa ń yá sọ ni pé ẹ̀rọ ti gbó. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé ẹ̀rọ kọ́ ló máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà dà bí ẹ̀rọ ìlọta kan ṣoṣo nínú ọjà. Bí ẹni mẹ́ta bá gbé ata wá, kíá ni wọn yóò lọ̀ ọ́ tán. Bí ogójì ènìyàn bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, àmọ́ ìlà kò ní tètè sún. Bí ètò ímeèlì kan bá sì ń gbé iṣẹ́ kan náà padà wá láìsinmi, ìlà náà kò ní tán láéláé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn ní ọdún 1988. Nígbà náà, ilé tí ìjọba Gómìnà Lateef Jákàńdè (1979 sí 1983) kọ́ sí Ìbà ti wà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ọ̀jọ́ sì ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé àdúgbò náà. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 60,000 kọ̀ǹpútà ni wọ́n fojú bù pé ó wà lórí rẹ̀. Ètò tí púpọ̀ nínú wọn fi ń gbé lẹ́tà ni Sendmail, tí Eric Allman kọ ní Yunifásítì California ní Berkeley. Sendmail ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àyẹ̀wò: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi àṣẹ ránṣẹ́ dípò lẹ́tà, kọ̀ǹpútà yóò sì gbọ́ràn.

Lálẹ́ ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell, tú aràn kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀. Aràn náà gba ilẹ̀kùn Sendmail wọlé, ó tún ń méfò ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ènìyàn. Kò pa fáìlì kankan rẹ́. Bíbí ara rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Morris ti ṣètò pé bí aràn méjì bá pàdé nínú ẹ̀rọ kan, kí ọ̀kan kú. Ṣùgbọ́n nítorí kí wọ́n má baà fi ọgbọ́n tàn án, ó ní kí ọ̀kan nínú méje máa wà láàyè lọ́nàkọnà. Ìṣirò yìí ló ba ohun gbogbo jẹ́.

Ní Yunifásítì Utah, iṣẹ́ kan péré ló sábà máa ń wà lórí ìlà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ní agogo 9:21 alẹ́, ó di márùn-ún. Ní 10:01, mẹ́rìndínlógún. Ní 11:21, mẹ́tàdínlógójì. Ẹ̀rọ kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Inú ìrántí ẹ̀rọ nìkan ni aràn náà ń gbé, nítorí náà bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà, yóò kú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún tàn án, aládùúgbò yóò tún kó o ràn án. Ọ̀rẹ́ Morris kan fi ọ̀nà àbáyọ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì lóru náà, àmọ́ ọ̀nà ti dí, lẹ́tà náà kò tètè débẹ̀. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ ní Berkeley àti MIT tú aràn náà wò, tí wọ́n sì dí ilẹ̀kùn Sendmail, ni ìtura tó dé.

Ní ọdún 1990, ilé ẹjọ́ dá Morris lẹ́bi: ọdún mẹ́ta lábẹ́ ìṣọ́, wákàtí 400 fún iṣẹ́ ìlú, àti owó ìtanràn dọ́là 10,050. Ilé-iṣẹ́ Ààbò Amẹ́ríkà ti dá ikọ̀ CERT sílẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon láti máa kojú irú rẹ̀. Nàìjíríà náà ṣe òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2015, tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ dí ẹ̀rọ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ogbọ́n ilẹ̀kùn kò tíì yé gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, lẹ́tà ìfẹ́ èké kan jáde láti Philippines. Ẹni tó bá ṣí ohun tó so mọ́ ọn nínú ètò Outlook yóò fi í ránṣẹ́, láìmọ̀, sí gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé àdírẹ́sì rẹ̀. Ìlà tún kún.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń fẹ́ ta kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní gbàǹjo ni pé kí ó kọ́kọ́ wo ìlà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè fi ètò tó ń jẹ ọpọlọ rẹ̀ hàn. Bó bá jẹ́ ímeèlì ni, kí ó já íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó wò bóyá lẹ́tà ńlá kan há sẹ́nu ọ̀nà tí kò lè jáde, kí ó yọ ọ́, kí ó sì gba àtúnṣe tuntun tí àwọn tó ṣe ètò náà gbé jáde. Pípa ẹ̀rọ àti títàn án lásán kò tó. Ẹni tó lé ewúrẹ́ jáde tí kò ti ilẹ̀kùn, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ewúrẹ́ bá tún wọlé.