Búrọ́ọ̀ṣì Oníná: Ọwọ́ Ta Ni Wọ́n Ṣe É Fún?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ni mo fẹ́ fi sọ ìtàn ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ eyín nìkan ni: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ń lo iná mànàmáná. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lónìí máa ń béèrè èyí tó wọ́n jù tàbí èyí tó yára jù. Èrò tèmi ni pé ìtàn rẹ̀ kọ́ wa láti kọ́kọ́ béèrè pé: ọwọ́ ta ni yóò dì í mú?

Kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé ilẹ̀ wa, orín ni àwọn baba ńlá wa fi ń fọ ẹnu. Àwọn mìíràn ń pè é ní pákò. Kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Orín ata wà, tó máa ń ta ènìyàn lẹ́nu. Orín ìdí wà. Pákò Ìjẹ̀bú náà wà. Ẹni tó lọ rà á lọ́jà a yan èyí tí ẹnu rẹ̀ gbà. Àwọn onímọ̀ ti yẹ orín ata wò ní yàrá ìwádìí, wọ́n sì rí i pé omi ara rẹ̀ lè dènà àwọn kòkòrò kan tó ń gbé inú ẹnu. Abájọ tí eyín-fún-jowó fi jẹ́ oríkì arẹwà láyé ìgbà tí kò tíì sí ọṣẹ ìfọyín. Ṣùgbọ́n orín ń béèrè ohun méjì: eyín tó lè rún un, àti ọwọ́ tó lè darí rẹ̀.

Níbòmíràn, búrọ́ọ̀ṣì onírun ni wọ́n gbé dìde. Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi irun ẹlẹ́dẹ̀ ṣe é láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Addis bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà ní nǹkan bí ọdún 1780. Egungun ló fi ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1938, náílọ́ọ̀nù tí ilé-iṣẹ́ DuPont ti Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò irun ẹran. Náílọ́ọ̀nù yìí tètè ń gbẹ ju irun ẹran lọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo àyípadà wọ̀nyí, ọwọ́ ènìyàn ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ọdún 1954 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní orílẹ̀-èdè Switzerland, Dókítà Philippe-Guy Woog ṣe búrọ́ọ̀ṣì oníná kan tí wọ́n pè ní Broxodent. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn ni àwọn aláìsàn tí ọwọ́ wọn kò ṣeé lò dáadáa, àti àwọn tí dókítà fi wáyà tún eyín wọn tò. Ní ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Squibb gbé e wọ ọjà Amẹ́ríkà. Ara ògiri ni wọ́n ń ki wáyà rẹ̀ bọ̀, bí ẹni ń lo áyọ́ọ̀nù. Iná àti omi kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, General Electric gbé èyí tó ń lo bátìrì jáde, tí ènìyàn lè ṣáàjì. Ṣùgbọ́n inú ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sé bátìrì náà mọ́. Bí bátìrì bá kú, gbogbo rẹ̀ di ohun à ń sọ nù.

Lẹ́yìn èyí ni oríṣiríṣi wá ń jáde. Ní ọdún 1987, Interplak dé, tí irun rẹ̀ ń yí bírí. Ní ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ Braun ti Jámánì gbé Oral-B olórí róbótó jáde, tó ń yí sọ́tùn-ún yí sósì. Ní ọdún 1992, Sonicare dé ní Amẹ́ríkà. Èyí kì í yí. Ṣe ló ń gbọ̀n, ó sì ń gbọ̀n ju ìgbà 30,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Láti ìgbà náà ni olórí róbótó àti agbọ̀nrìrì ti jọ ń du ọjà.

Ṣé wọ́n dára ju búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ lọ lóòótọ́? Ní ọdún 2014, àjọ Cochrane kó ìwádìí 56 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín fi ìdá 21 nínú 100 dín kù fún àwọn tó ń lo oníná ju fún àwọn tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́. Wíwú èrìgì fi ìdá 11 nínú 100 dín kù. Olórí róbótó ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Àǹfààní wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti bá Ìyá Àgbà wa jà, ọwọ́ ọ̀tún wọn kò lágbára mọ́. Orín ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, màmá mi ló sì wá ń bá wọn fọ ẹnu. Ìyá Àgbà kò fẹ́ èyí rárá. Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ là ń fọ ẹnu fún. Nígbà tí Àǹtí mi tó wà ní Houston ní àwọn fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì oníná ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ pé ọ̀lẹ ló ń fi iná fọ ẹnu. Àǹtí ní tiwọn fẹ́ ra èyí tó wọ́n jù, tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́. Ìtàn Broxodent ni mo fi dá wọn lóhùn: kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n ṣe é fún, kì í sì í ṣe fún fáàrí.

A wá jókòó yẹ wọ́n wò. Ìdimú rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn kó má baà yọ́ bọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Irun rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, tiwa sì tó 230. Nítorí náà a ní kí Àǹtí ka ara ṣájà, kí wọ́n rí i pé 100 sí 240 ló wà níbẹ̀, kó má baà jóná. Bí a bá ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ lò tó ọ̀sẹ̀ kan, torí iná àdúgbò wa kì í dúró. Bí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni a sì ń pààrọ̀ orí rẹ̀, nítorí náà orí tó ṣeé rí rà lọ́jà wa ló yẹ. Olórí róbótó kan tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ló bá gbogbo èyí mu. Ọwọ́ òsì ni Ìyá Àgbà fi ń dì í mú báyìí, wọ́n sì ń fọ ẹnu fúnra wọn.

N kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn sáré lọ ra búrọ́ọ̀ṣì oníná o. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, tó ń fi ìṣẹ́jú méjì fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ tó fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ bí ó bá wá irinṣẹ́ tí yóò dá iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ní ọdún 1954 nìyẹn.